Máàkì Tí Mo Kọ fún Ìyá Kọ́lá

Ìdì aṣọ náà tutù. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rí pé kò dára, tí mo sì fojú fò ó. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1992 ni, ní Deira, nínú sítọ́ọ̀ kan tó jẹ́ pé páànù lásán ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Dubai nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, irin ilẹ̀kùn ò ní ṣeé fọwọ́ kàn mọ́, omi ẹ̀rọ á sì ti gbóná débi pé èèyàn lè fi tẹ ẹ̀bà. Àmọ́ nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé ìdì aṣọ yẹn láti yí i padà, ó tutù bí ògiri amọ̀ ní ìdájí. Mo yọ ọwọ́, mo tún gbé e padà síbẹ̀. Mo ní bóyá ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n fi gbé e wá láti Sharjah, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa kọ máàkì. Sétì, ará Íńdíà tó ni iléeṣẹ́ kágò wa, ló gbà mí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń rajà ní Deira á kó ẹrù wọn wá, a ó dì í sínú àpò ìdọ̀họ, n ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti íńkì dúdú kọ orúkọ sí i lára, kí ẹni tó ni ín lè dá a mọ̀ tó bá gúnlẹ̀ sí Àpápá. Ọwọ́ mi dára. Mi ò fi yangàn, òótọ́ ni. Lẹ́tà mi máa ń dúró ṣánṣán, ẹni tí ojú ń dùn gan-an lè kà á láti òdìkejì títì. Ibi tí mo ti kọ́ ọ ni mi ò kì í sọ fún èèyàn.

Nígbà ogun abẹ́lé, mo wà lára àwọn tó ń ya máàpù fún àwọn sójà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Àwa mẹ́rìndínlógún la wà nínú yàrá kan ní Èkó, tí à ń fi pẹ́ẹ̀nì ẹnu tín-ín-rín fa odò, òkè, afárá àti ọ̀nà ẹsẹ̀ àwọn ìlú tí a ò dé rí. Àwọn èèyàn ń kú lórí ohun tí à ń yà, a sì mọ̀. Ọ̀gá wa ní òfin kan tó le ju gbogbo ìyókù lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹni tó wà láàyè sórí máàpù ogun, títí kan orúkọ ara rẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà la fi ń fọwọ́ sí i. Èmi ni Mẹ́rìnlá.

Rẹ̀mílẹ́kún tó jókòó tì mí fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Òkè kékeré kan wà tí kò lórúkọ, ó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ sójà sí i, ó ní kí àbúrò òun náà ní òkè tirẹ̀ láyé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìròyìn fi dé pé orí òkè yẹn gan-an ni bọ́ǹbù ti bá ọmọ náà. Wọ́n ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Rẹ̀mílẹ́kún ò fa ìlà kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi tí mo rí gbogbo èyí, ó yẹ kí n ti rántí.

Ìyá Kọ́lá ló ni ìdì tó tutù yẹn. Wosilat lorúkọ rẹ̀, ará Mushin, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Aṣọ ló ń rà. Kọ́lá lọmọ kan ṣoṣo tó bí, sójà ni, ó wà ní Monróvíà pẹ̀lú àwọn ECOMOG. Tó bá ti wọ sítọ́ọ̀ wa, kó tó kí èèyàn tán, á ti sọ ohun tí Kọ́lá kọ sínú lẹ́tà tó kẹ́yìn. Mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí, nítorí èmi ni mò ń bá a ka àwọn lẹ́tà náà.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ̀san, ẹ wá wo ọjà tí mo he ní Sharjah," ó ní, ó sì fi ọ̀bẹ la igun ìdì náà. "Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ta mí lọ́rẹ ni. Wọ́n á máa fi ṣe lining kóòtù ọmọdé. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo tẹ́ yáàdì kan sórí tábìlì. Mo rí àwọn ìlà tó dábùú ara wọn, mo rí kànga, ọ̀nà ọkọ̀, òkìtì yanrìn. Àyà mi já díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣàdédé rí ojúlùmọ̀ tó ti ń sá fún tipẹ́. Máàpù ogun ni. Máàpù kan tẹ̀ lé òmíràn lára aṣọ náà, yáàdì kan fún ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn rí bákan náà.

"Ìyá Kọ́lá, ọjà ogun lèyí o. Ogun Kuwait ọdún tó kọjá. Sójà ló máa ń fi í pamọ́ sára, tó bá sọnù nínú aṣálẹ̀ á fi wá ọ̀nà. Aṣọ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí kí omi má bàa bà á jẹ́, kó má sì máa pariwo nínú àpò."

"Ogun ọ̀hún ti parí àbí kò tíì parí?"

"Ó ti parí."

"Khalas nìyẹn. Ta ló máa tú inú kóòtù ọmọ ẹ̀ wò, kó ní máàpù lòun rí? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ máàkì mi. Yalla, ship ò ní dúró dè mí."

KỌ́LÁ ni máàkì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn obìnrin wa tó ń kó ẹrù ń ṣe. Orúkọ ọmọ ni wọ́n ń kọ. Ganiat tí wọ́n jọ máa ń rìn, RALIAT ni tirẹ̀. Ó ṣe tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n sí orúkọ mìíràn ní Àpápá. Alágbàṣe tó rí i á kàn figbe ta pé Ìyá Kọ́lá, ẹrù yín rèé. Mo ti kọ orúkọ yẹn sára ẹrù rẹ̀ tó ogún ìgbà. Mo ri búrọ́ọ̀ṣì bọ íńkì, mo kọ ọ́. Íńkì náà tètè wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì kán sílẹ̀ rárá.

Ọkọ̀ ojú omi fà sẹ́yìn. Wọ́n ní ó di ọjọ́ kẹwàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Kọ́lá padà wá, ó ní òun fẹ́ gé yáàdì méjì lọ fún télọ̀ kan ní Satwa, kó fi ṣe lining kóòtù tí Kọ́lá máa wọ̀ tó bá dé. Mo tú ìdì náà, mo fa aṣọ jáde.

Ilẹ̀ tó wà nínú máàpù náà ti yí padà.

Ojú mi kì í gbàgbé máàpù. Lánàá, aṣálẹ̀ ni mo rí. Lónìí, òkun wà lápá òsì, odò kan ṣàn wọnú rẹ̀, afárá kan wà lórí odò náà, títì sì pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nínú yáàdì àkọ́kọ́, nítòsí afárá, orúkọ kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe íńkì búrọ́ọ̀ṣì mi ló rin wọlé. Lẹ́tà wínníwínní ni, ó dagun díẹ̀ sápá ọ̀tún, bí a ṣe máa ń kọ orúkọ abúlé. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ti ìgbà tí mo jẹ́ Mẹ́rìnlá ni, tí mi ò tíì kọ báyìí láti ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ìyá Kọ́lá ò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn bó ṣe mọ ojú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé kì í ṣe orúkọ ọmọ mi rèé?"

Mò ń tú aṣọ náà lọ. Yáàdì kejì ò ní orúkọ, ẹ̀kẹta ò ní, ẹ̀kẹrin ò ní. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹsàn-án, mo dúró. Ní ìkángun títì kan, wọ́n fi àwọ̀ pupa ṣe róbótó kékeré kan, wọ́n sì fa àgbélébùú sí i nínú. Mo ti fọwọ́ mi ya àmì yẹn láìmọye ìgbà. Ibi tí àwọn ìbọn ńlá máa dojú kọ ni.

"Kí ló sọ nínú lẹ́tà tó kọjá?" ni mo bi í.

"Pé ẹ̀gbẹ́ afárá ni wọ́n wà. Pé àwọn ń gbóòórùn òkun." Ó wo aṣọ, ó wò mí. "Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, orúkọ náà ti wà nínú yáàdì kejì. Ó ti kúrò létí afárá, ó ti rìn tó ìka ọwọ́ kan sí ọ̀nà ibi àmì pupa yẹn. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tó bá ń rìn báyìí lójoojúmọ́, tí a bá ka ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ mọ́ ọn, ọjọ́ kẹsàn-án ló máa débẹ̀. Mo sọ fún un ní tààrà, nítorí kò sí bí mo ṣe lè fi bò fún ìyá ọmọ.

Ó gba ìdí tẹlifóònù lọ. Ó pe gbogbo ẹni tó mọ̀ ní bárékè Ìkẹjà. Wọ́n ní àwọn ò lè bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ ní Monróvíà, pé ìjà ti le níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, a gbé ìdì náà sẹ́yìn tákísí, ó di Sharjah. Bàbá arúgbó tó tà á fún un jókòó lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ rẹ̀, ó ń mu ṣáì. Ìdì irú tiwa tó ogójì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wo gbogbo wọn. Kò sí orúkọ lára ìkankan, nọ́ńbà pupa ni wọ́n kọ sí wọn. Mo fa aṣọ wa jáde fún un. Bó ṣe rí ohun tó wà níbẹ̀, ó rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Name?" ó bi mí. "Who write?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí i. Kò fọwọ́ kàn án.

"Number only," ó ní, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. "Name no good."

Ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. A kanlẹ̀kùn títí, kò ṣí i fún wa.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú abẹ. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: ohun tí a bá ṣì kọ, abẹ la fi ń fá a kúrò. Mo gbé ẹnu abẹ lé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Kọ́lá, ọwọ́ mi bá kọ̀. Mo rántí pé nínú yàrá wa ní Èkó, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí wọ́n ní ká fá orúkọ ẹgbẹ́ sójà kan kúrò lórí máàpù. Gbogbo wọn ti kú tán ni. Mo ju abẹ náà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dáná sun ún," ni Ìyá Kọ́lá wí.

"Pẹ̀lú orúkọ ọmọ yín nínú ẹ̀?"

Ó bú sẹ́kún. Mo sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún un, pé orúkọ ẹni tó wà láàyè, tó bá ti bọ́ sórí máàpù ogun, a kì í fá a kúrò, àfi ká fi kún un. Mi ò ní ohunkóhun lọ́kàn tí mo fi sọ ọ́.

Ó di ọjọ́ karùn-ún kó tó padà wá. Ó ti wẹ̀, ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó jókòó ti ìdì náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ mi?"

"Wosilat."

"Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀? Ọdún mẹ́tàlélógún rèé. Ọkọ mi ò pè mí bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú. Ẹ̀yin gan-an ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí." Ó gbé ìka lé iwájú orúkọ tí mo kọ sára àpò. "Àyè wà níbí yìí. Ẹ kọ Ìyá sí i."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Nígbà tó yé mi pé ó fẹ́ kí máàkì náà di orúkọ tirẹ̀, mo ní rárá. Mo ní mi ò ní í ṣe é, mo tiẹ̀ bínú, mo ní kó máa lọ sílé. Kò dìde.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ti àkọ́kọ́," ó ní. Kò pariwo, kò sì bú mi. "Ọmọ ẹni ò ní í jẹ́ máàkì kí ìyá ẹ̀ máa wòran. Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mo ri búrọ́ọ̀ṣì bọ íńkì. Mo kọ ÌYÁ síwájú KỌ́LÁ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a tú yáàdì kẹfà wò, ÌYÁ KỌ́LÁ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní tó dagun, lójú títì kan náà. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ní kó má ṣe jáde rárá. Láti aago méje àárọ̀ la ti jókòó sínú sítọ́ọ̀, bùbá aláwọ̀ ewé yẹn náà ló wọ̀. Mi ò jẹ́ kó dúró lábẹ́ páálí tí wọ́n tò jọ, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan iná. Nínú yáàdì kẹsàn-án, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí àmì pupa yẹn gan-an. Nígbà tó ku díẹ̀ kó lu aago mẹ́ta, ó gbórí sókè.

"Òórùn òkun," ó ní.

Ó dìde dúró. Ojú rẹ̀ ò sí lára mi mọ́, ó ń wo ibi tí ògiri wà. Ó figbe ta lójijì, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó fẹ́ sáré sójú títì: "Kọ́lá! Máa bọ̀ níbí!" Ó gbẹ́sẹ̀ méjì síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ti nǹkan dànù. Ó bá padà jókòó. Ó béèrè omi, mo fún un, ó mu ún tán.

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ara rẹ̀ gbóná dáadáa. Mo tú aṣọ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Aṣálẹ̀ ló padà jẹ́, kànga àti yanrìn, kò sí orúkọ ẹnì kankan. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Sétì jáde wá láti ọ́fíìsì, ó ní ṣé a ti ya wèrè ni. Inú mi dùn débi pé mo gbá a mọ́ra.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, lọ́wọ́ ọ̀sán, tẹlifóònù ọ́fíìsì dún, Sétì sì ní èmi ni wọ́n ń béèrè. Ìyá Kọ́lá wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, ó ń mu ṣáì, ó ń dúró de ìròyìn.

"Ẹ káàsán, sà. Kọ́lá ni, ọmọ Ìyá Kọ́lá. Èkó ni mo wà, wọ́n ti dá mi padà, ẹsẹ̀ ló ṣe mí díẹ̀." Ohùn rẹ̀ há. "Please sà, ta ló fi màmá mi wọ ọkọ̀ wá sí Monrovia?"

Mo ní mi ò gbọ́ ohun tó wí.

"Mo dúró ní ìkángun títì, sà. Mo gbọ́ tí wọ́n pè mí. Mo wẹ̀yìn, màmá mi ni, pẹ̀lú bùbá green wọn. Mo sáré lọ bá wọn. Wọ́n tì mí sínú gọ́tà, àwọn wá kọjá lọ síbi tí mo ti ń bọ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù já sí." Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Àwọn obìnrin mọ́sálásí ibẹ̀ ló wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè láti tẹ́ wọn sílẹ̀, sà. Mo rí ojú wọn dáadáa. A ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn nílé. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó gbé wọn wá ni."

"Ṣé Kọ́lá ni?" Ìyá Kọ́lá ti dìde. "Ẹ fún mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi!" Ó já tẹlifóònù gbà. "Kọ́lá! Kọ́lá ọmọ mi! Èmi ni, màmá ẹ ni."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ibi tí mo dúró sí. Kò dá a lóhùn. Ó ń ké Kùránì, kíákíá, pẹ̀lú ẹkún, ẹsẹ kan wọnú òmíràn. Ó wá gé ìlà náà.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pe ẹni tí wọ́n ti sin síbì kan, tí wọ́n tún rí i níbòmíràn. A kì í dáhùn tí àkúdàáyà bá pè. A kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Ganiat lọ sí Mushin lọ ṣàlàyé fún wọn pé Ìyá Kọ́lá wà láàyè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ bi í, pé ṣé ó ti bá a jẹun. Nígbà tí Ganiat padà dé Dubai, kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Kọ́lá, mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fèsì. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó gbé tẹlifóònù tí ìyá rẹ̀ pè é, ohun tó sọ ni pé: "Màmá, ẹ lọ sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́."

Ìyá Kọ́lá ò padà sílé mọ́. Ilé wo ló máa padà sí? Sétì bá a ṣe visa, ó gba yàrá kan ní Satwa lẹ́yìn àwọn télọ̀, ó ń bá wọn ran aṣọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń lọ kí i, á sì dáná fún mi. Mo ti rí i tí abẹ́rẹ́ gún un, mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà láàyè. Èmi lẹni kan ṣoṣo láyé tó mọ̀ ọ́n, tó sì rí gbogbo rẹ̀ lójú. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tẹlifóònù yẹn, oúnjẹ rẹ̀ ò ré kọjá ọ̀fun mi rí. Mo máa ń ní inú ń run mí ni. Nígbà mìíràn, n ó rọra dà á sínú láílọ́ọ̀nù nígbà tó bá kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé ó ń bà mí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn tí mo lọ, ìrẹsì àti ẹja ló gbé síwájú mi. Kò kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa àga, ó jókòó, ó gbọ́wọ́ lé ìtan, ó ń wò mí. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Mo bu síbí kan, mo fi sẹ́nu. Mo dì í mú síbẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbé e mì, ọ̀fun mi kọ̀.

Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó pẹ́ gan-an tó fi ń wò ó.

"Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n?"

Ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu mi.